Wọ́n Ní Kí N Ṣe É Báyìí

Òórùn ṣọ́ọ̀kì ló kọ́kọ́ kọ obìnrin kan lóminú. Pátákó funfun ni wọ́n ń lò ní gbogbo yàrá kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ti ń kọ́ni, máàkà ni wọ́n fi ń kọ nǹkan sí i, ó sì ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fojú kan ṣọ́ọ̀kì níbẹ̀. Síbẹ̀, bó ṣe ṣílẹ̀kùn yàrá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òórùn yẹn ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, òórùn gbígbẹ tó ń rin ni nímú, àfi bí ẹni pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ nu pátákó tán. Ó sín. Ó wo pátákó tirẹ̀, funfun báláú. Ó ní bóyá àwọn kan ń ha ògiri nísàlẹ̀ ni, ó sì gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀.

Olùkọ́ ìṣirò ni obìnrin yìí. Ẹ̀rí-Dà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é lẹ́yìn, ó mọ̀, kò sì bínú. Kí ni wọn ì bá tún pè é? Bí o bá sọ fún un pé òjò ń rọ̀, á ní, "Ẹ̀rí dà?" Bí o bá ní ìdáhùn ìṣirò jẹ́ méjìlá, kó sì jẹ́ méjìlá náà ni lóòótọ́, á na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan, á ní, "Ẹ̀rí dà?" Ọkọ rẹ̀ pàápàá máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ sọ fún un pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun tó ba òun lẹ́rù jù ni pé kó má lọ béèrè ẹ̀rí. Ó sì béèrè o! Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ẹni tó ń dúró dè lọ́sàn-án yẹn ni ọmọbìnrin kan tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Adákẹ́. Bí o bá bi Adákẹ́ ní ọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò, á wá dáhùn wúyẹ́wúyẹ́ débi pé wàá tẹ etí sí i. Ọmọ náà ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìṣirò lẹ́ẹ̀mejì, òfin kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn kò sì lójú àánú: ẹni tó bá tún fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kẹta, kó di ẹrù rẹ̀, kó máa lọ sílé. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tíṣà ni ọmọ yìí fẹ́ ṣe láti kékeré. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀, kò sì sí oníbàárà tó gbé aṣọ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò tíì gbọ́ pé ọmọ òun ń bọ̀ wá di tíṣà. Ẹ wo irú ojú tí ọmọ bẹ́ẹ̀ fẹ́ gbé padà wọlé.

Àwọn olùkọ́ yòókù ti gba kámú lórí rẹ̀. Wọ́n ní orí rẹ̀ kò gba ìṣirò. Ẹ̀rí-Dà nìkan ló ní òun kò tíì rí ẹ̀rí pé kò lè gbà á, ó bá sọ fún ọmọ náà pé kó máa wá bá òun ní yàrá lọ́sọ̀ọ̀sán, lẹ́yìn tí kíláàsì bá parí.

Yàrá náà wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ní ìparí ọ̀ọ̀dẹ̀. Tóóró ni, tábìlì kan ló wà níbẹ̀, pátákó kan, àti àga méjì tí òun àti akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kojú síra. Àga kẹta wà lẹ́bàá wíńdò, àga onígi àtijọ́ tó wúwo bí nǹkan míì. Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó fún Ẹ̀rí-Dà ní yàrá, kò sì sẹ́ni tó ń jókòó sí i. Ògiri ló kọjú sí nígbà tó dé. Kò mọ ìgbà tí ó yí padà tó wá ń kọjú sí pátákó. Ó rò pé àwọn agbálẹ̀ ló yí i.

Níbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ náà tán an ní sùúrù. Á ṣàlàyé, ọmọ á mi orí, á ní kó ṣe é, ọmọ á di ère. Lẹ́tà x yẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà á, èyí tí a fi ń dúró fún nǹkan tí a kò tíì mọ̀. Bó bá ti rí i, á gbé pẹ́ẹ̀nì kalẹ̀. Ẹ̀rí-Dà á yíjú sí pátákó láti nu ohun tó kọ, á mí kanlẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó nu pátákó tán, ó yíjú padà, ó bá ọmọ náà tó ń kọ nǹkan lọ wọ̀ọ̀rọ̀. Ó lọ yọjú. Ìṣirò náà ti jáde, ó jáde dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí x kankan nínú rẹ̀. Lẹ́tà "à" ni ọmọ náà kọ sí gbogbo ibi tó yẹ kí x wà.

"Kí lèyí?"

"Àlejò ni, mà."

"Àlejò kẹ̀? Àlejò ta ni?"

"Wọ́n ní kí n ṣe é báyìí, mà." Ọmọ náà tẹjú mọ́lẹ̀. "Wọ́n ní nǹkan tí a kò mọ̀ kì í ṣe ọ̀tá. Àlejò ni. Wọ́n ní a kì í bi àlejò lórúkọ lẹ́nu ọ̀nà. Ká kọ́kọ́ sin àwọn tó yí i ká jáde, òun fúnra rẹ̀ á sọ ẹni tó jẹ́."

Ẹ̀rí-Dà rẹ́rìn-ín. Ó ti ń kọ́ ìṣirò tipẹ́, kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí, ó sì dùn mọ́ ọn. Ó rò pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní hósítẹ́lì ló ń kọ́ ọ. Ìwọ náà á rò bẹ́ẹ̀. "Wọ́n ní báyìí, wọ́n ní báyẹn," ta ni kò ní rò pé ọ̀pọ̀ èèyàn ni?

"Wọ́n ń gbìyànjú," ó ní. "Wọ́n ń ràn ẹ́ lọ́wọ́ dáadáa."

"Dáadáa, mà. Wọ́n ní sùúrù."

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti yí padà. Bí wọ́n bá fún Adákẹ́ ní ìṣirò, kò ní kọ ohunkóhun lójú ẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ dá orí sí apá wíńdò díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan lọ́ọ̀ọ́kán, á mi orí, á wá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rí-Dà rò pé bó ṣe máa ń ronú nìyẹn. Ó ṣàkíyèsí pé nǹkan funfun kan máa ń wà lápá aṣọ rẹ̀ bó bá fẹ́ máa lọ, lúbúlúbú bí ìyẹ̀fun, ọmọ náà á gbọ̀n ọ́n dànù láìwò ó. Lọ́jọ́ kan tí òjò ti ń rọ̀ láti òwúrọ̀, tí gbogbo yàrá tutù, Ẹ̀rí-Dà fi ọwọ́ ti àga onígi yẹn bó ṣe fẹ́ lọ ti wíńdò. Àga náà lọ́wọ́ọ́rọ́. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò kíá. Ó dúró, ó wo òjò lóde, ó wo àga, ó ní oòrùn àná ló ṣì wà lára igi. Ẹni tó ń béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ gbogbo ayé nìyẹn o, ó wá ń fi ẹnu ara rẹ̀ parọ́ fún ara rẹ̀.

Bí Adákẹ́ bá fẹ́ lọ, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á yíjú wo inú yàrá yí ká, á sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ ṣé o. Ẹ kú iṣẹ́." Ẹ̀rí-Dà á dáhùn pé kò tọ́pẹ́. Inú rẹ̀ á sì máa dùn ṣìnkìn títí á fi délé, nítorí ọmọ tó mọ oore ń wú ni lórí.

Ìdánwò dé. Adákẹ́ ṣe é. Nígbà tí wọ́n máàkì rẹ̀ tán, òun ló gba máàkì tó ga jù lọ nínú gbogbo kíláàsì.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìṣirò ránṣẹ́ pe Ẹ̀rí-Dà. Bàbá àgbà ni ọ̀gá yìí, ó tín-ínrín, ó ti fẹ́ fẹ̀yìn tì, ara rẹ̀ kò sì le mọ́. Kò pariwo. Ó kàn fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ọmọ tó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì, báwo ló ṣe wá ta gbogbo wọn yọ lójijì? Àwọn tó máàkì rẹ̀ ní ọ̀nà tó gbà ṣe é kò sí nínú ìwé kankan tí wọ́n mọ̀. Wọ́n ní ó jíwèé wò."

"Ẹ̀rí dà, sà?"

"Ẹ̀rí náà ni mò ń wá. Lọ́la, kó wá ṣe é lójú wa, kó sì sọ ẹni tó kọ́ ọ. Bí kò bá rí i sọ, kò sí ohun tí mo lè ṣe. Ó ń lọ sílé nìyẹn."

Ẹ̀rí-Dà bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kó jẹ́ yàrá òun ni wọ́n ti máa ṣe é, torí pé ibẹ̀ ti mọ́ ọmọ náà lára, ẹ̀rù á bà á níbòmíì. Ọ̀gá gbà. Obìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì padà. Adákẹ́ ti ń dúró dè é nínú yàrá.

"Gbọ́, ọmọ mi," ó ní bó ṣe ti ilẹ̀kùn. "Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ yẹn, tètè lọ pè wọ́n wá. Kí wọ́n wá jẹ́rìí lọ́la pé àwọn ló kọ́ ẹ."

"Àwọn ọ̀rẹ́ wo, mà?"

"Àwọn tó ń kọ́ ẹ ní àlejò, àlejò. Ṣebí ojoojúmọ́ lo ń ní 'wọ́n ní, wọ́n ní'?"

Ọmọ náà wò ó bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé. Ó wá rọra sọ pé, "Wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi, mà. Àgbàlagbà ni wọ́n. Ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n."

Ẹ̀rí-Dà kò tíì fura. Háà, a ò mọ bí èdè tiwa ṣe ń dáàbò bo àṣírí! Ó ní, "Ẹnìkan? Olùkọ́ wo nìyẹn?"

Adákẹ́ kò na ìka. Ojú ló fi tọ́ka sí apá wíńdò, kíún, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ pé a kì í nàka sí àgbà.

"Bàbá yẹn, mà. Mo rò pé ẹ jọ ń kọ́ mi ni. Bí ẹ bá ti yíjú sí pátákó, wọ́n á sọ ọ́ fún mi lọ́nà tó máa yé mi. Ṣebí bí mo bá ń lọ, mo máa ń ní ẹ ṣé? Ẹ̀yin méjèèjì ni mò ń kí."

Orí Ẹ̀rí-Dà wú. Gbogbo "ẹ ṣé" tó ti ń kó délé, tó ti ń dá jẹ, ó wá rí i pé kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ó ya ẹnu láti béèrè ohun tó máa ń béèrè, ó bá wo apá wíńdò. Kò sí ẹnì kankan lórí àga. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń tàn wọlé láti ojú wíńdò, eruku kan sì ń fò nínú rẹ̀, funfun, ó rọra ń balẹ̀. Àga náà wá dún kíì, bí igi ṣe máa ń dún bí ẹni tó jókòó lé e bá yí ìdí padà.

"Ṣé wọ́n... ṣé wọ́n wà níbẹ̀ báyìí?" Kò mọ̀gbà tí òun náà ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Wọ́n wà, mà. Wọ́n ní kí ẹ má mikàn nípa ọ̀la."

Kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà, ẹ má bi mí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ bi í pé kí ló dé, ó ní inú ló ń run òun.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá Ẹ̀ka rọra gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ń di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Akọ̀wé ìdánwò tẹ̀ lé e, obìnrin kan tí ìwà rẹ̀ le bí ojú rẹ̀. Bí ọ̀gá ṣe dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Imú rẹ̀ ń mì.

"Ṣé ẹ ń lo ṣọ́ọ̀kì níbí ni?"

"Rárá, sà," Ẹ̀rí-Dà ní.

Ọ̀gá mi orí. Ó wọlé, ó kọ ìbéèrè kan sí pátákó, ó gbé máàkà fún Adákẹ́, ó sì jókòó nídìí tábìlì. Ọmọ náà dúró níwájú pátákó, ó dá orí sí apá wíńdò díẹ̀. Akọ̀wé ìdánwò ti ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Adákẹ́ wá la ẹnu. Ohùn tó jáde kì í ṣe wúyẹ́wúyẹ́ rárá, ó ń dún ketekete.

"Àlejò kan wà nínú ilé yìí. A ò ní bi í lórúkọ. Wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi méje kún un, gbogbo rẹ̀ wá di méjìlélógún. Méje ló wọlé kẹ́yìn, òun la ó kọ́kọ́ sìn jáde. Àmì ọgbọọgba yìí lẹnu ọ̀nà, bí méje bá ti ń kọjá níbẹ̀, á pààrọ̀ aṣọ. Ó bá àfikún wá, á bá àyọkúrò lọ. Ó ku ìlọ́po mẹ́ta. Bí òun náà bá ti dé ẹnu ọ̀nà, á di pínpín. Ẹ wò ó, ó ku àlejò nìkan. Ó ní, 'Márùn-ún ni mí.'"

Pẹ́ẹ̀nì bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá Ẹ̀ka, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì. Kò wá a.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Wọ́n ni, sà."

"Àwọn wo?" akọ̀wé ìdánwò jágbe mọ́ ọn. "Dárúkọ wọn!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ná," ọ̀gá ní. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Kì í ṣe pé wọ́n pọ̀. Àgbà ni." Ó yíjú sí ọmọ náà. "Kí ni wọ́n wọ̀?"

"Súwẹ́tà aláwọ̀ eérú, sà. Bọ́tìnì òkè ti já. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń kọ̀wé."

Ọ̀gá bo ojú rẹ̀. Nígbà tó ṣí i, omi ti dé ojú náà. Ó ní, "Olùkọ́ mi ni. Yàrá wọn nìyí, àga wọn nìyẹn. Èmi náà fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ò mọ̀. Gbogbo ayé ní kí n máa lọ sílé, àwọn nìkan ló ní kí n jókòó. Mo wà lókè òkun, níbi tí wọ́n ní kí n lọ kàwé sí i, nígbà tí wọ́n kú. Wọ́n ti sin wọ́n tán kí n tó gbọ́. Mi ò rí wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Ó dìde. Ó lọ dúró níwájú àga tó ṣófo, bàbá arúgbó yẹn, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí akẹ́kọ̀ọ́.

"Ẹ ṣé, sà. Gbogbo ohun tí mo dà láyé, ẹ̀yin ni. Ẹ ṣé gan-an ni." Ó bi Adákẹ́ pé, "Ṣé wọ́n gbọ́?"

Ọmọ náà tẹ́tí. Ó lọ́ tìkọ̀ díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n rán ní iṣẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́.

"Wọ́n gbọ́, sà. Wọ́n ní... wọ́n ní ẹ ò tíì parí iṣẹ́ tí àwọn fún yín ṣe."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. "Òótọ́ ni! Ìbéèrè kan wà tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ tí mo ń lọ. Ó le ju orí mi lọ. Mi ò rí i ṣe títí di òní." Ó nu ojú rẹ̀, ó sọ fún akọ̀wé ìdánwò pé kí ó jẹ́ kí máàkì ọmọ náà dúró bó ṣe wà. Akọ̀wé náà ti ń wá ọ̀nà ilẹ̀kùn.

Bí Adákẹ́ ṣe yege nìyẹn. Nígbà tí wọ́n lẹ èsì mọ́ ara ògiri láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn náà, ó dúró síwájú rẹ̀ títí àwọn yòókù fi bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Ìyá rẹ̀ pariwo lórí fóònù débi pé gbogbo ọ̀ọ̀dẹ̀ gbọ́ ọ. Ọmọ náà sáré gun òkè lọ bá Ẹ̀rí-Dà, ó dì mọ́ ọn, olùkọ́ náà sì gbé e yí po bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n yọ̀ǹda fún láti dúró. Inú rẹ̀ dùn kọjá ohun tí ẹnu lè sọ. Ó ní, "O ò jẹ́ sọ̀rọ̀ sókè lónìí? Ayọ̀ mà nìyí!"

Adákẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sínú yàrá, ó gbé ohùn sókè lóòótọ́.

"Ẹ ṣé o, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta!"

Ẹ̀rí-Dà ń rẹ́rìn-ín lọ. Ẹ̀rín náà wá kú sí i lẹ́nu.

"Mẹ́ta kẹ̀?"

"Ọ̀gá Ẹ̀ka náà wà níbẹ̀, mà. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá. Ṣé ẹ ò rí wọn nígbà tí wọ́n wọlé ni?"

Kí ó tó dáhùn, ẹsẹ̀ kan ń sáré bọ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Akọ̀wé ìdánwò ni. Bàtà rẹ̀ kan ti bọ́, omijé ti bo ojú tó le yẹn. Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè láti ilé ọ̀gá. Ọ̀gá jẹun àárọ̀ tán, ó ní kí wọ́n fún òun ní bébà àti pẹ́ńsù, òun fẹ́ jókòó ti ìbéèrè kan díẹ̀. Ibi tó jókòó sí náà ni wọ́n ti bá a, kò mí mọ́. Wọ́n ní ojú rẹ̀ tutù, bí ẹni tí ara tù.

Ẹ̀rí-Dà di tábìlì mú. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò bà á mọ́, ọpẹ́ ló kún ọkàn rẹ̀ títí dé ọ̀fun. Ó kọjú sí wíńdò, ó tẹrí ba fún àga tó ṣófo àti ilẹ̀ tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ ṣé, ẹ̀yin olùkọ́ mi. Ẹ kú iṣẹ́ o." Ó dúró díẹ̀. Ó bi ọmọ náà láìyíjú padà pé, "Ṣé wọ́n dáhùn?"

Adákẹ́ fi ìka lé ètè.

"Wọn ò gbọ́ yín, mà. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́."